Àbúrò mi tí ojú rẹ̀ kò ríran ti wọ yunifásítì: níbo la ti máa rí owó?

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò mi ọkùnrin ti rí àyè wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan lọ́dún yìí, ẹ̀kọ́ ìtàn ló fẹ́ kọ́. Gílókómà ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní JSS2. Kò rí nǹkan kan mọ́, àfi bí iná bá tàn yòò níwájú rẹ̀. Ó mọ bíréèlì, ó mọ fóònù lò ju èmi tí mo ríran lọ, ó sì gba 231 nínú JAMB. Bàbá wa ti ṣaláìsí, màmá wa ń ta ẹ̀fọ́, èmi ń ránṣọ. Ọrùn mi ni gbogbo rẹ̀ wà.

Owó tí ilé-ìwé kọ fún wa fún ọdún kìíní jẹ́ ₦137,000, ti ibùgbé kò sí níbẹ̀. ₦60,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan ní kó lọ yá owó NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan ní kí n má ti ọmọ tí kò ríran sínú gbèsè. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àwọn á gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook kí aráyé lè dáwó. Mo tún gbọ́ pé òfin kan wà tó ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Lọ́yà_Ìkẹjà

Ẹ kú oríire, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká mú ti òfin kúrò nílẹ̀ ná. Ó wà lóòótọ́, Ààrẹ Buhari ló buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n sẹ́kọ́ńdírì ni ọ̀fẹ́ inú rẹ̀ parí sí. Ẹni tó ní yunifásítì wà níbẹ̀ kò tíì ka òfin náà délẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ lọ bá bọ́sà fa wàhálà.

Ibi tó ti wúlò fún yín kò sí níbi owó sísan. Òfin náà ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ akàndá ẹ̀dá, kí wọ́n sì ní ohun èlò fún wọn. Ilé tí ará ìlú ń lò, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún wọn láti tún un ṣe kí gbogbo èèyàn lè wọ̀ ọ́, ọdún márùn-ún náà sì ti pé láti oṣù kìíní 2024. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí Dean of Student Affairs. Ẹ béèrè yàrá ní ìsàlẹ̀ ilé, kó má jìnnà sí kíláàsì. Ẹ béèrè àfikún àkókò nínú ìdánwò, kó sì fi kọ̀ǹpútà tàbí bíréèlì dáhùn. Ẹ ní kí àwọn olùkọ́ máa fún un ní nóòtì tí ẹ̀rọ lè kà. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn ti gbà á. Ohun tí ilé-ìwé bá ṣe fún yín, owó tí ẹ ò ní wá mọ́ nìyẹn.

Bí wọ́n bá kọtí ikún sí i, National Commission for Persons with Disabilities wà ní Àbújá, wọ́n ń gba ẹ̀sùn. Ìpínlẹ̀ wo lẹ ti wá? Bó bá jẹ́ Èkó ni, kí ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá. Òfin Èkó ti ọdún 2011 ló dá ọ́fíìsì yẹn sílẹ̀, ìwé tí wọ́n máa ń fúnni sì máa ń rọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn bá ń wá ìrànlọ́wọ́ níbòmíràn.

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wá, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Lọ́yà_Ìkẹjà

Ẹ gba ìwé ọmọ onílùú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn nísinsìnyí, kí ẹ fi pamọ́. Ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ bá kéde bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, kì í sáàbà pẹ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn tí ìwé wọn ti pé nílẹ̀ ló ń rí i gbà. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ojú náà, èyí tó ní òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba.

Akọ̀wé_Ilé_Owó

Orí tábìlì mi ni ọ̀rọ̀ NELFUND ń gbà kọjá níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ọ̀nà méjì ni owó náà ń gbà jáde. Owó ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ ilé-ìwé ni wọ́n ń san án sí tààrà, kò ní kan ọwọ́ yín. Owó ìtọ́jú, ₦20,000 lóṣù, inú àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ́ sí. Èlé kankan kò sí lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá ti parí NYSC tó sì ti pé ọdún méjì ni sísan á bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ á sì máa yọ. Òfin àkọ́kọ́, ti 2023, béèrè onídùúró, ó sì ń wo iye tó ń wọlé fún òbí. Èyí tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹrin 2024 ti yọ ìyẹn kúrò. Ẹ ò nílò láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kó wá dúró fún yín.

Ohun tí wọ́n máa béèrè ni NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà tí ilé-ìwé fún un. Níbi orúkọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há. Orúkọ tó wà lórí NIN, ti JAMB àti ti báńkì gbọ́dọ̀ bára mu, títí kan orúkọ àárín.

Ṣùgbọ́n owó tí ilé-ìwé kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń bá yín san. Láptọ́ọ̀pù, owó ọkọ̀, ẹni tó ń bá a kàwé, ìyẹn kò sí níbẹ̀. Ẹ má rò pé gbogbo ìṣòro ti tán bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Kí ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀kọ́ ìtàn? Àwọn tí ojú wọn ríran kedere tí wọ́n kà á, Bolt ni wọ́n ń wà. Ẹ fi ₦60,000 yẹn kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọṣẹ ṣíṣe, bàtà, aṣọ híhun, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀Irin

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, ta ló bi yín léèrè iṣẹ́ ọwọ́? Owó ilé-ìwé ni wọ́n ń béèrè. Bó bá jẹ́ ọmọ yín tó gba 231, ṣé ọṣẹ lẹ máa ní kó lọ máa pò?

Àǹtí, ẹ gbọ́ tèmi. Rọpárọsẹ̀ ló mú mi ní kékeré, irin ni mo fi ń rìn títí mo fi jáde yunifásítì. Owó ilé-ìwé kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò. Owó ilé-ìwé, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, bàbá mi ti ń múra dè é. Màrúwà ló bá mi lójijì. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fẹsẹ̀ rìn dé, odindi màrúwà ni mo ń háyà, nítorí pé bí mo bá bá àwọn mìíràn wọ̀ ọ́, kò sí ibi tí mo máa na ẹsẹ̀ onírin sí. Àárọ̀ ni, ọ̀sán ni, àṣálẹ́ ni. Kíláàsì kan wà ní òkè kẹta, mo ń fún ọmọkùnrin kan lówó oúnjẹ kó lè máa gbé báàgì mi gùn. Òjò bá rọ̀, mi ò lọ. Ní ìparí sáà, owó tí màrúwà gbà lọ́wọ́ mi ti ju owó ilé-ìwé lọ, kò sì sí ẹnì kankan nílé tó mọ̀, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹ ya àpò méjì sọ́tọ̀. Àpò kan fún ohun tí ilé-ìwé ń gbà lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Àpò kejì fún ohun tí àbúrò yín máa ná nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran. NELFUND lè bá yín gbé àpò àkọ́kọ́. Àpò kejì ni kí ẹ jókòó tì, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó máa wà níbẹ̀, ẹ má ṣe bá a ṣírò rẹ̀ láti ibi ìránṣọ. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ ni tèmi.

Olùkọ́_Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀Irin wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran, ẹ jẹ́ kí n bá yín tú àpò kejì yẹn wò díẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù ni olórí. Tòkunbọ̀ tó dára tó o, àmọ́ kí ẹ yẹ bátìrì rẹ̀ wò dáadáa, ẹ mọ bí iná ṣe rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ akàwé olówó gegere fún yín, ìyẹn ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síni létí. JAWS dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. NVDA ọ̀fẹ́ ni, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ mi ń lò, ó sì ń bá wọn ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yunifásítì. Ẹ má ra Perkins Brailler, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ bíréèlì, irin tó wúwo ni, ó sì wọ́n. Ẹ bi ilé-ìwé bóyá wọ́n ní èyí tó lè máa yá lò. Síléètì àti stylus tí wọ́n fi ń fọwọ́ gún bíréèlì sórí ìwé ò wọ́n, ìyẹn tó o fún nóòtì kéékèèké nínú kíláàsì.

Ohun tó máa yọ ọ́ lẹ́nu ni hándáòtì. Olùkọ́ á fi fóònù ya ojú ìwé tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìmọye ìgbà, á sọ ọ́ di PDF, á jù ú sórí WhatsApp kíláàsì. Ẹni tó ríran á fojú ka ohun tó hàn níbẹ̀. NVDA á dé orí rẹ̀, á dákẹ́, nítorí àwòrán ni, kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀. Kó tẹ bọ́tìnnì NVDA mọ́ R, Windows á gbìyànjú láti bá a yọ ọ̀rọ̀ inú àwòrán náà jáde. Lórí fóònù, Lookout ti Google àti Seeing AI ti Microsoft ń ṣe irú rẹ̀, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì. Bí ẹ̀dà náà bá dúdú jù, gbogbo rẹ̀ á di gbàrọgùdù, ibẹ̀ ni ẹni tó ń kàwé síni létí ti ń wọ̀ ọ́. Ẹ ṣètò owó fún ẹni yẹn. Ọ̀rẹ́ á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ títí ìdánwò tirẹ̀ á fi kù sí dẹ̀dẹ̀, á sì di àwátì. Ẹni tí ẹ bá ń fún ní nǹkan, kódà kó jẹ́ dátà àti owó oúnjẹ, á máa wá.

Ní Èkó, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ ANWAB, àwọn Anglo-Nigerian Welfare Association for the Blind, wọ́n ń bá àwọn èèyàn sọ ìwé di bíréèlì. MTN Foundation náà ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ní ilé-ìwé gíga ìjọba. Kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n máa ń wo èsì, nítorí náà kó tọ́jú èsì ọdún kìíní rẹ̀ bí ojú. Ẹ dárí jì mí, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín nìyẹn, òun náà á rẹ́rìn-ín sí i.

Èrè_Kíákíá

NELFUND, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, bọ́sárì, ọjọ́ méjì péré. ₦15,000 owó iṣẹ́. Ẹ fi NIN àti BVN rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Alámòójútó

A ti yọ Èrè_Kíákíá kúrò. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù NELFUND, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kún un. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹni náà sílẹ̀ kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_300L

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Èmi ríran o, àmọ́ NELFUND ni mo ń lò. Ní ọdún àkọ́kọ́, ilé-ìwé wa ní ẹni tí kò bá sanwó kò ní forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì. Màmá mi lọ yá owó lọ́wọ́ alájọ, a san án. Nígbà tó yá ni NELFUND wá san tiwọn sí ilé-ìwé. Owó ti wọlé lẹ́ẹ̀méjì. Láti gba èyí tí a san padà, iṣẹ́ ni! "Lọ, bọ̀ lọ́la, ọ̀gá ò sí níjòókòó." Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí NELFUND ní ilé-ìwé yín, kí ẹ béèrè bóyá ẹni tó ti kún fọ́ọ̀mù lè forúkọ sílẹ̀ ná. Bí ẹ bá sì san, ẹ má jẹ́ kí rìsíìtì sọnù.

Akọ̀wé_Ilé_Owó

Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Ẹni tó bá ti sanwó tí NELFUND tún san, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà béèrè fún un, ẹ má fi ẹnu lásán béèrè.

Ìyá_Ṣeun_Houston

Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ mi wà ní college níbí, cerebral palsy ló ní, àìlera tí kì í jẹ́ kó lè darí ara rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Òfin ibí yàtọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwa Yorùbá Amẹ́ríkà pọ̀ níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́.

Ọmọ tó bá ń gba SSI, owó oṣooṣù tí ìjọba ibí ń fún akàndá ẹ̀dá tí kò ní lọ́wọ́, ẹ má fi owó tí ẹbí dá sínú àkáǹtì rẹ̀. Àwa tí a máa ń dáwó fún ọmọ nígbà tó bá wọ ilé-ìwé, tí Bàbá Ìbàdàn á fi díẹ̀ ránṣẹ́, tí ṣọ́ọ̀ṣì á ṣe tiwọn, a kì í mọ̀ pé bí ohun tó ní bá ti kọjá $2,000, SSI lè dúró. ABLE account, àkáǹtì ìfowópamọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akàndá ẹ̀dá, ni kí ẹ ṣí fún un. Ẹnikẹ́ni ló lè fi owó sí i, owó ilé-ìwé wà lára ohun tí wọ́n gbà kí ó fi ṣe, SSI kò sì ní ka $100,000 àkọ́kọ́ inú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àìlera náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí onítọ̀hún tó pé ọdún 26. Láti oṣù kìíní 2026, wọ́n ti sún un dé 46.

Lẹ́yìn náà, ẹ kún FAFSA lọ́dọọdún, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ilé-ìwé, torí Pell Grant, ọ̀kan lára owó tí a ń tibẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tí a ń san padà. Kí ẹ tún lọ bá ọ́fíìsì financial aid, kí ẹ ní kí wọ́n fi ìnáwó tó jẹ mọ́ àìlera rẹ̀ kún ohun tí wọ́n ṣírò pé ilé-ìwé máa ná an. Òfin fàyè gbà á, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá béèrè, wọ́n lè má rántí yín. Vocational Rehabilitation ti ìpínlẹ̀ náà wà, tó ń ran akàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ láti múra fún iṣẹ́, ní Texas ọ̀dọ̀ Workforce Commission ni. Àwọn ló ra ẹ̀rọ tí ọmọ mi fi ń kọ̀wé.

Àǹtí Aránṣọ, mo fẹ́ bá yín dá sí ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù yẹn. Ẹ kọ sí mi.

Ayọ̀_100L

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni àbúrò tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. TalkBack, ohùn tó ń ka ojú fóònù mi, ti ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí, títí kan ọṣẹ Bọ̀dá Alágbẹ̀dẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n má gbé àwòrán mi síta. Ibi tí mò ń lọ, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ mí sí akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n dá owó láptọ́ọ̀pù láàárín ara wọn, màá wá dúró níwájú ìjọ dúpẹ́.

Owó NELFUND, màá gbà á. Orúkọ mi ló máa wà lórí gbèsè náà, èmi ni màá sì san án, ẹ jẹ́ kí n pinnu rẹ̀. ₦20,000 oṣooṣù yẹn, mo ti mọ ohun tí màá fi ṣe: dátà, àti ẹni tó máa bá mi ka hándáòtì tó bá dúdú. Ẹ̀rọ lè ka ìwé ìròyìn fún mi, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ṣòro fún un láti ka ìwé tí òyìnbó fi ọwọ́ kọ ní ọdún 1890, ẹ̀kọ́ ìtàn sì kún fún irú wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló há mi lọ́rùn. Mo fẹ́ ṣí àkáǹtì lórí áàpù báńkì kan, ó ní kí n gbé ojú mi sínú òrùka tó wà lójú fóònù, kí n ṣẹ́jú. Mi ò rí òrùka, fóònù kò sì sọ fún mi bóyá ojú mi wà ní ọ̀tún tàbí òsì. Ó ní mo kùnà. Ta ló ti borí ìyẹn rí?

Olùkọ́_Ọ̀yọ́

Ayọ̀, má bá áàpù jìjàkadì. Lọ sí báńkì gan-an, mú NIN dání, kí wọ́n ṣí i fún ọ lórí káńtà. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ lọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ kún àkáǹtì náà. Wọ́n lè ní kí ẹni tó ríran máa bá ọ buwọ́ lù ú. Sọ pé o mọ ìwé tìrẹ, o lè tẹ̀ka. PIN rẹ, ìwọ nìkan.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ayọ̀, mo ti gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kò burú ṣá.

Ayọ̀_100L

Kò burú, sà. Mo mọ ìlẹ̀kẹ̀ hun. Òun ni mo tà tí mo fi ra fóònù yìí.

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ilé-ìwé, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Obìnrin tó gbà á ní àwọn ní yàrá kan nísàlẹ̀ fún irú wọn, pé ẹni tí kò bá kọ̀wé béèrè ni kì í rí i. Báńkì ṣí àkáǹtì, PIN wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ sọ fún mi. Ìyá Ṣeun àti ṣọ́ọ̀ṣì ti parí ti láptọ́ọ̀pù láàárín ara wọn. ₦60,000 tó wà lọ́wọ́ mi, a ti fi í sí àpò kejì.

Ó wá ku ti orúkọ. Ayọ̀délé Samuel ló wà nínú JAMB àti WAEC. Lórí NIN, Ayọ̀délé nìkan ni, wọn ò kọ Samuel. Fọ́ọ̀mù NELFUND kò gbà á wọlé. Èwo ni ká tún ṣe?

Akọ̀wé_Ilé_Owó

Ti NIN ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan JAMB, torí ó ti bá WAEC mu, ilé-ìwé náà á sì ti fi í ṣe ìwé tiwọn. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ní ojú-ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè tún orúkọ ṣe fúnra rẹ̀, wọ́n máa gba owó díẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe fún Ayọ̀ láti lò ó pẹ̀lú TalkBack, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe tán, ẹ padà sí báńkì kí wọ́n tún BVN ṣe bákan náà, nítorí NIN ni ẹ mú lọ ṣí àkáǹtì yẹn, Ayọ̀délé nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì yanjú kí ẹ tó tún ṣí fọ́ọ̀mù náà. Bó bá tún há, kọ sí mi níhìn-ín, Ayọ̀, ṣùgbọ́n má kọ nọ́ńbà kankan síta.